Ọjọ́ Ìsinmi ní Èbúté Valletta: Bí Ẹ Ṣe Lè Lò Ó Láìsáré

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń yí Òkun Mẹditaréníà ká kì í sábà fún èèyàn ní àyè láti mí. Barcelona lónìí, Marseille lọ́la, Genoa lọ́túnla, ó di Civitavecchia, níbi tí wọ́n á ti kó gbogbo èrò sínú bọ́ọ̀sì fún bíi wákàtí kan àbọ̀ kí wọ́n tó fojú kan Róòmù. Tó bá fi máa di àárín ọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ á ti wú, ọmọ á ti máa sunkún, ẹni tó sanwó gbogbo rẹ̀ á sì máa bi ara rẹ̀ pé ṣé ìgbádùn rèé àbí ìyà àfọwọ́fà. Àbá mi ni pé kí ẹ ya èbúté kan sọ́tọ̀ nínú ìrìn-àjò yín tí ẹ kò ní bá wọn ra ìrìn ìgbafẹ́ kankan, tí ẹ kò ní wọ bọ́ọ̀sì, tí ẹ máa kàn rọra fi ẹsẹ̀ rìn, kí ẹ sì tètè padà. Bí Valletta, olú ìlú Malta, bá wà nínú ètò ọkọ̀ yín, òun ni kí ẹ yàn.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ní Livorno, Florence tí gbogbo èèyàn torí rẹ̀ wá jìnnà sí ọkọ̀. Ní Piraeus, ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ ojú irin tàbí takisí kí ẹ tó dé ìdí Acropolis, òkè tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó wà ní Athens. Ní Valletta, abẹ́ odi ìlú gan-an ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Láti orí dẹ́ẹ̀kì lẹ ti máa rí àwọn fáràǹdà onígi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ aró. Ìlú náà kéré: láti ẹnubodè rẹ̀ títí dé Fort St Elmo, odi agbára tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀, ìrìn bíi ogún ìṣẹ́jú ni fún ẹni tí kò kánjú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lára èdè ìjọba níbẹ̀, nítorí náà kò sí pé ẹ ń fi ọwọ́ júwe nǹkan fún ọlọ́jà.

Ṣáájú ọjọ́ náà

Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Malta wà nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, láti 2007. Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà Schengen, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn ló ń gbé tàbí London. Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo ojú ọ̀nà ọkọ̀ yín dáadáa: tó bá máa yà sí Tunisia, Turkey tàbí Montenegro kó tó padà sí Yúróòpù, físà tó ń jẹ́ kí èèyàn wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní tó yín. Èyí tó ń gba ọ̀pọ̀ ìwọlé ni kí ẹ béèrè fún. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ti máa pẹ́ jù lọ lẹ máa tọ̀ lọ fún físà náà. Bí iye ọjọ́ bá dọ́gba, ti ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ máa wọlé ni.

Èkejì, ẹ wo ọjọ́ tó bọ́ sí. Bó bá jẹ́ Sunday ni, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa tì, kàtídírà ńlá tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú kò sì ní gba àlejò tó kàn fẹ́ wòran. Kò túmọ̀ sí pé ọjọ́ náà bàjẹ́ o. Ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ṣì ń ṣiṣẹ́, ọgbà ṣì ṣí, ìlú náà sì máa ń dákẹ́ dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni fóònù. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí agbami, fóònù yín lè fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ sì le débi tí ẹlòmíràn fi máa ń pariwo nígbà tó bá délé. Ẹ fi fóònù sí airplane mode títí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀. Ẹ ti wa àwòrán ilẹ̀ Malta sílẹ̀ sórí fóònù nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ní òwúrọ̀ ọjọ́ yìí, wọ́n sì dà bí ẹni pé wọ́n ta ko ara wọn. Àkọ́kọ́, ẹ jí ní kùtùkùtù. Wíwọ Grand Harbour, èbúté Valletta, wà lára ohun tó dára jù lọ tí ojú lè rí ní gbogbo òkun yẹn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ dúró sí apá ọ̀tún ọkọ̀ bó bá ti ń wọlé: ibẹ̀ ni Valletta máa wà. Òkúta kan náà ni wọ́n fi kọ́ gbogbo odi àti ilé, oòrùn òwúrọ̀ á sì sọ gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ oyin. Apá òsì ni Fort Ricasoli, lẹ́yìn náà Fort St Angelo, níbi tí àwọn ìlú mẹ́ta tó dojú kọ Valletta wà.

Èkejì, bí ọkọ̀ bá ti so okùn tán, ẹ padà sí yàrá. Àwọn tó ra ìrìn ìgbafẹ́ á tò sí ìdí àtẹ̀gùn, nọ́ńbà á lẹ̀ mọ́ àyà wọn, ẹni tó ń darí wọn á gbé pátákó sókè. Ẹ má bá wọn tò. Ẹ wẹ̀, ẹ jókòó sí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹ jẹ ẹyin àti búrẹ́dì yín ní ìrọ̀rùn. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, àtẹ̀gùn náà á ti ṣófo.

Ohun tí ẹ máa kó dání kò pọ̀: káàdì ọkọ̀ (láìsí i, ẹ kò ní lè padà wọlé), ìwé ìdánimọ̀ kan tó ní fọ́tò, yúrò díẹ̀ ní owó wẹ́wẹ́, káàdì báńkì kan, fìlà tàbí gèlè tó lè bo orí, ìpara tó ń dènà oòrùn, omi. Awọ dúdú kì í ṣe àwáwí: oòrùn July àti August níbẹ̀ máa ń kọjá 30°C, òkúta ilẹ̀ á sì tún da ooru náà padà sójú èèyàn. Ẹ wọ bàtà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí ṣe pàtàkì fún ìdí méjì, òkè gíga àti ilẹ̀ kàtídírà. Ẹ má gbé èso tàbí ẹran tútù kúrò nínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ èbúté ni kò fẹ́ ẹ.

Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé ètò ọjọ́ náà. Ohun mẹ́ta ló wúlò níbẹ̀: aago tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé, nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté, àti aago tí ọkọ̀ náà ń lò. Nígbà mìíràn, aago ọkọ̀ àti aago ìlú kì í bára mu. Fún ẹni tó wá tààrà láti Nàìjíríà, aago Malta àti tiwa dọ́gba nígbà òtútù, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tiwọn fi wákàtí kan ṣáájú.

Gígun òkè láìgun òkè

Bí ẹ bá jáde, ẹ máa rí ọ̀wọ́ ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan tí ilẹ̀kùn wọn ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Ayé Pinto, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ ajagun St John, àwọn ajagun Kátólíìkì tó ń ṣàkóso Malta nígbà náà, ni wọ́n kọ́ wọn, ní 1752. Nísinsìnyí, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ló wà nínú wọn. Ẹ wò wọ́n, ẹ má dúró. Oúnjẹ tí ó sún mọ́ ọkọ̀ jù kì í dùn tó bí owó rẹ̀ ṣe tó. Àwọn onítakisí àti àwọn ẹlẹ́ṣin máa ké sí yín pé ọ̀nà jìn, pé òkè ga. Òkè ga lóòótọ́. Ọ̀nà kò jìn rárá. Ẹ fi ọwọ́ bọ́wọ́, ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ẹ máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí omi wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín, kí ẹ sì máa tẹ̀lé etíkun. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ó dé ibi tí wọ́n ń pè ní Lascaris, níbi tí lífítì Barrakka wà. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. Mítà 58 ló ga, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tó fi ń gbé èèyàn dé orí odi. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí bàbá tàbí màmá yín bá wà nínú ìrìn-àjò yìí, tàbí ẹni tó ń lo ọ̀pá, lífítì yìí ló máa pinnu bóyá ọjọ́ náà máa dùn mọ́ wọn. Láìsí i, àtẹ̀gùn olókùúta ló kù, kì í sì í ṣe kékeré.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà bọ̀: apá òsì títì ni wọ́n ń wa mọ́tò ní Malta, bíi ti ìlú Ọba. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀tún kí ẹ tó kọjá.

Aago méjìlá ọ̀sán

Ibi tí lífítì bá gbé yín sí ni ọgbà Upper Barrakka. Ẹ gbìyànjú láti débẹ̀ ní nǹkan bíi aago mọ́kànlá àbọ̀, nítorí pé tó bá di aago méjìlá géérégé, wọ́n máa ń yìn àgbá láti ibi tí àwọn àgbá tò sí nísàlẹ̀ ọgbà náà. Àwọn tó ń yìn ín á wọ aṣọ ológun bíi ti ayé ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ibẹ̀, kí Malta tó gba òmìnira ní 1964. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn lè sanwó kó sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n láti orí ọgbà, ní ọ̀fẹ́, ẹ ó rí i kedere. Ẹ bo etí ọmọ kékeré. Bí ẹ bá pẹ́ dé, wọ́n tún máa ń yìn ín ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn tí àgbá bá dún, èrò á tú ká. Ẹ má bá wọn lọ. Ẹ wá àga lábẹ́ igi, ẹ jókòó. Ohun tí ẹ ń wò lódìkejì omi yẹn ní ìtàn: ní 1565, àwọn ọmọ ogun Ottoman, ìjọba ilẹ̀ Turkey ayé àtijọ́, dó ti ibẹ̀ láti May títí wọ September. Fort St Elmo ṣubú sí wọn lọ́wọ́ nínú oṣù June, ṣùgbọ́n Birgu, níbi tí Fort St Angelo wà, kò ṣubú. Olórí àwọn tó dáàbò bo erékùṣù náà ni Jean de Valette. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1566, ó fi òkúta ìpìlẹ̀ ìlú tuntun lélẹ̀ lórí òkè tí ẹ jókòó sí yìí, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú náà. Ó kú ní 1568, kò rí ìparí iṣẹ́. Láti 1980 ni UNESCO ti kọ gbogbo ìlú náà sínú àkójọ ogún àgbáyé.

Ẹ yan ohun kan ṣoṣo

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń fìyà jẹ ara wa. Owó tí a fi ra tíkẹ́ẹ̀tì kò kéré, nítorí náà a fẹ́ jẹ ẹ́ tán pátápátá: Mdina, Blue Grotto, ọjà ẹja Marsaxlokk, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo, ẹni tó ń lé mẹ́rin ńkọ́? Ẹ mú ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta tó tẹ̀ lé e yìí, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀.

Tèmi ni kàtídírà St John. Láti 1572 sí 1577 ni wọ́n fi kọ́ ọ, Gerolamo Cassar ló ya àwòrán rẹ̀. Lóde, ó rí bí ilé ológun, kò ní ẹwà kan tí ẹ lè júwe. Inú rẹ̀ ló kún fún wúrà. Ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ jẹ́ òkúta ibojì àwọn ajagun, wọ́n tó nǹkan bíi 400, wọ́n fi mábù aláràbarà ṣe ọnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ní egungun àti agbárí lára. Nítorí ilẹ̀ yìí ni wọn kì í fi gba bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó láàyè. Èjìká àti itan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ gba ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ sétí, owó rẹ̀ wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ yàrá tí wọ́n ń pè ní Oratory, kí ẹ dúró níwájú àwòrán tí Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì, kùn ní 1608, bí wọ́n ṣe bẹ́ orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Ó fẹ̀ ju mítà márùn-ún lọ. Òun nìkan ni iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn fọwọ́ sí, inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lára Jòhánù ló sì kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ìtàn rẹ̀ le. Ó pa èèyàn ní Róòmù ní 1606, ó sá, ó dé Malta, wọ́n fi jẹ oyè ajagun ní July 1608. Kò pẹ́ tí ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, wọ́n tì í mọ́ Fort St Angelo, ó sì sá lọ ní October. Ní December, wọ́n péjọ sínú Oratory yẹn kan náà, níwájú àwòrán tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn, wọ́n gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fún àwòrán náà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó bá ẹgbẹ́ wá kì í rí ìṣẹ́jú mẹ́ta níbẹ̀.

Èkejì wà fún ẹni tó bá fẹ́ràn Bíbélì. Malta ni erékùṣù Mélítà tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì gúnlẹ̀ sí nígbà tí ọkọ̀ wọn rì, èèyàn 276 nínú rẹ̀, tí paramọ́lẹ̀ sì so mọ́ ọn lọ́wọ́ nídìí iná. Ìjọ kan wà ní Valletta tó ń jẹ́ orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, St Paul's Shipwreck, níbi tí wọ́n tọ́jú ohun tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ egungun ọrùn ọwọ́ Pọ́ọ̀lù sí. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 àti 28 ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Màmá yín á gbádùn rẹ̀ ju gbogbo ọjà lọ, ó sì dájú pé á gbàdúrà níbẹ̀ pẹ́.

Ẹ̀kẹta ni omi. Nísàlẹ̀ lífítì, àwọn ọkọ̀ onígi kékeré tí wọ́n ń pè ní dgħajsa máa ń gbé èrò sọdá sí Birgu fún yúrò díẹ̀. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó wọlé, bóyá àlọ nìkan ni tàbí àlọ àtàbọ̀. Ní Birgu, kò sí nǹkan tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe. Ọ̀nà tóóró, òdòdó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ológbò lórí àtẹ̀gùn. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ mu nǹkan tútù, ẹ padà. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, èyí ni kó mú.

Oúnjẹ

Ọkọ̀ ti fún yín ní oúnjẹ, mo mọ̀. Ẹ ṣì jẹ pastizzi. Ìyẹ̀fun tí wọ́n nà ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n á di wàràkàṣì ricotta tàbí ẹ̀wà píìsì sínú rẹ̀, wọ́n á fi sínú ààrò. Ẹni tó bá mọ míìtì páì ti mọ ọ̀nà tí yóò gbé e gbà, ṣùgbọ́n èyí fúyẹ́, ó sì ń hó lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró jẹun sí ni kí ẹ ti rà á, kì í ṣe ibi tí àwòrán oúnjẹ pọ̀ lójú ògiri. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ béèrè kí ẹ tó jẹ ẹ́, nítorí àwọn kan máa ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sí ìyẹ̀fun náà.

Ẹni tí ebi ń pa gan-an lè jókòó jẹ ftira, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi tòmátì, ẹja tuna àti òróró ólífì sí. Ẹran ehoro tí wọ́n fi wáìnì sè ni oúnjẹ ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Ó dára, àmọ́ ata kò sí níbẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò lè jẹun láìsí ata kó mú tirẹ̀ dání. Kinnie ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọn láti 1952, ọsàn kíkorò àti ewé ni wọ́n fi ṣe é. Ó korò díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun. Ọmọdé kì í fẹ́ràn rẹ̀, àgbàlagbà tó bá ti ń jẹ orógbó kò ní rí i bí nǹkan bàbàrà. Omi ẹ̀rọ kò léwu, omi òkun tí wọ́n yọ iyọ̀ rẹ̀ ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò gbádùn mọ́ mi; mo máa ń ra ti inú ìgò.

Pípadà

Ẹ padà kí ó tó di dandan. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ ìrìn. Bí aago tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn ti wọlé bá jẹ́ márùn-ún, ẹ ti wà lórí ọkọ̀ ní aago mẹ́ta. Àwọn onírìn ìgbafẹ́ ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà yẹn. Adágún omi ìlúwẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiyín nìkan, àga tí wọ́n ń jà sí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wà lójú agbami á ṣófo, ibi ìfọwọ́wọ́ra sì lè dín owó kù nítorí pé èrò kò sí. Ẹ sùn.

Ìdí mìíràn wà. Ọkọ̀ máa ń dúró de àwọn tó bá ìrìn ìgbafẹ́ tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tà jáde bí wọ́n bá pẹ́. Kì í dúró de ẹni tó dá rìn. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó fi yín sílẹ̀, aṣojú tí ẹ ya nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀, àmọ́ owó tí yóò gbé yín dé èbúté tó kàn, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Ní bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ gòkè lọ sí dẹ́ẹ̀kì tó ga jù. Apá òsì ni kí ẹ dúró sí lọ́tẹ̀ yìí, nítorí orí ọkọ̀ ti kọjú sí agbami, Valletta sì ti bọ́ sí òsì. Ẹ ó rí ọgbà tí ẹ jókòó sí ní ọ̀sán, àwọn èèyàn inú rẹ̀ á sì máa ju ọwọ́ sí yín.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ wo ìwé ètò ọjọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ Messina tàbí Catania lẹ ń lọ, aago kò yí padà. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Gíríìsì, wákàtí kan ni wọ́n máa yọ nínú oorun yín, nítorí náà ẹ yí aago ọwọ́ yín síwájú kí ẹ tó dùbúlẹ̀.